Obì, Ooru àti Ìṣẹ́jú 15

Obì ni mo ń tà ní Ṣàgámù. Ìperu ni wọ́n ti bí mi, ìyá mi ló sì kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdún tí mo ti lò ní agbègbè Sábó ti ju èyí tí mo lò nílé bàbá mi lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀. Bí èèyàn bá kó gbànja sínú agbọ̀n láìfi ewé tutù tẹ́ ẹ nídìí, tí kì í tú u wò lóòrèkóòrè, tó wá gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa páànù, kò ní pẹ́ tí yóò fi rọ tàbí kí kòkòrò wọ̀ ọ́. Mo mọ èyí kí n tó mọ̀wé. Síbẹ̀, nígbà tí mo ra oògùn apàtọ̀, èyí tí a ń fi sójú ara kí n má bàa lóyún, inú àpótí onírin lẹ́yìn ìsọ̀ ni mo jù ú sí, lábẹ́ páànù, nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí ooru Ṣàgámù kì í jẹ́ kí adìyẹ jáde lábẹ́ igi.

Ọmọbìnrin mi tó kéré jù pé ọdún 9 lọ́dún yìí. Ìtàn bí mo ṣe lóyún rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Òun ni ojú tí mo fi ń ríran, mi ò sì ní fi í pààrọ̀ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n mi ò múra sílẹ̀ fún oyún náà, ẹ̀jẹ̀ mi sì tún ru nígbà tí mo gbé e débi pé wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì. Àìmọ̀ọ́lò ló fà á, mo sì ń rí àwọn obìnrin tó ń lo oògùn yìí títí dòní bí mo ṣe lò ó nígbà náà.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ti bí nígbà náà. Nínú oyún ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ mi ti kọ́kọ́ ru, kò sì tètè wálẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ni nọ́ọ̀sì bá ní hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò yẹ mí mọ́, nítorí irú rẹ̀ lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè sí i. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọkọ mi sì jẹ́ awakọ̀. Obì ló ń gbé lọ sí Kánò. Yóò gba Ìbàdàn, Ìlọrin àti Jẹ́bbà kọjá, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà. Mo rò ó nínú ara mi pé, kí ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í sí nílé fẹ́ fi oògùn ojoojúmọ́ ṣe? Èyí tí mo lè lò ní alẹ́ tó bá wọlé dé nìkan ni mo ń wá.

Oògùn apàtọ̀ ló bá èrò yẹn mu. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà: ó wà ní fóòmù inú agolo, ó wà ní ìpara, ó wà bí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń yọ́, ó sì wà bí oògùn sóńsó kékeré, èyí tí èmi lò. Ojú ara ni a ń fi gbogbo wọn sí. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní nonoxynol-9 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ba awọ ara àtọ̀ jẹ́ kí àtọ̀ má lè rìn débi ẹyin. Kì í dá nǹkan oṣù rú, kì í ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ìyá ọlọ́mú náà sì lè lò ó.

Gbogbo àlàyé yìí, mi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo rà á. Ilé kẹ́míìsì kún lọ́jọ́ náà, ẹnì kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì sì dúró lẹ́yìn mi. Mo fi ohùn kékeré sọ ohun tí mo fẹ́. Ọmọkùnrin tó ń tajà wé e sínú ọ̀rá dúdú, ó ní, "Ẹ kàn máa fi sábẹ́ kí ẹ tó sùn, mà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì béèrè. Ìwé kékeré wà nínú páálí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ èèrà. Mo jù ú nù. Nítorí pé ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó sì máa ń tún yàrá mi ṣe fún mi nígbà tí mo bá lọ sọ́jà, mi ò lè gbé oògùn náà sílé. Ìsọ̀ ni mo fi pamọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi bá pè pé òun ti dé Ògèrè, màá mú ẹyọ méjì sínú pọ́ọ̀sì lọ sílé.

Oṣù márùn-ún ni mo lò ó. Ní oṣù kẹfà, òórùn epo gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí lé mi jáde ní ilé ìdáná, mo sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó yẹ̀ mí wò.

Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí mo lọ, mo bá nọ́ọ̀sì àgbà kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Mo ń bínú. Mo ní, "Mà, oògùn yẹn, ayédèrú ni." Kò bá mi jiyàn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Olóbì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń lò ó, láti ìgbà tí ẹ bá mú un jáde nínú páálí. Ẹ má tijú mi, obìnrin ni èmi náà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ ni mo ń gbọ́ àṣìṣe náà lẹ́nu ara mi. Ó béèrè ibi tí mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, mo ní àpótí onírin. Ó béèrè bóyá ó ti rọ̀ nígbà tí mo mú un jáde rí. Mo rántí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kan wà tó ti tẹ̀ bí àbẹ́là tó kù díẹ̀ kó yọ́, tí mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà kó lè gún. Ó ní oògùn tí ooru ti pa báyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá agbára rẹ̀ ṣì pé. Ibi tútù tí kò ní ọ̀rinrin ni kó máa wà, kí n sì máa wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí kí n tó sanwó. Èmi tí mò ń tú obì wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀!

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú oògùn sóńsó kan, ó yọ ọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀, ó gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí n pa ọwọ́ dé, kí n má tẹ̀ ẹ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, a sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ó ní kí n ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì le, mo lè fi ìka méjì gbé e. Ó ní kí n tún pa á dé. Nígbà tí ìṣẹ́jú 10 kọjá, ó ti di rọ̀bọ̀tọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ ní ọwọ́ mi. Ó tó bí ìṣẹ́jú 15 kó tó tú dáadáa tó fi bo gbogbo àtẹ́lẹwọ́, tó ń tàn bí ìgbà tí èèyàn bu epo sọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn."

Mo dákẹ́. Èmi, bí mo bá ti fi í sí i tán, mi ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àtọ̀ ti kọjá kí oògùn tó yọ́.

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Oògùn sóńsó, hóró tí ń hó nínú ojú ara àti èyí tó dà bí bébà, ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni kí obìnrin fi dúró lẹ́yìn tó bá fi í sí i. Iye ìṣẹ́jú náà yóò wà lára páálí. Fóòmù àti ìpara kì í béèrè ìdúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agolo fóòmù ní láti jẹ́ èyí tí èèyàn mì dáadáa kó tó lò ó. Èyí tó dà bí bébà ń fẹ́ ìka gbígbẹ, torí pé ọwọ́ tútù ni yóò gbà mọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí ó lọ jìnnà sínú, kó sún mọ́ ẹnu ilé ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tó ń ṣọ́. Ẹnu ọ̀nà ìta ni èmi ń fi tèmi sí, torí pé mo ń yára.

Agbára rẹ̀ kì í sì í ju wákàtí kan lọ. Mo rántí alẹ́ tí bàálé mi wọlé, tí mo fi oògùn sí i kí n tó gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i, tí wọ́n sì jókòó ti bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Mo rò pé mo ti dáàbò bo ara mi. Ó ti tán kí a tó dé orí ibùsùn. Bí wákàtí kan bá ti kọjá láìtíì wà pọ̀, kí èèyàn tún òmíràn fi sí i. Bí tọkọtaya bá sì tún fẹ́ wà pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì lóru kan náà, ẹyọ tuntun ni, ìdúró tuntun ni. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú títì, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó o. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń lò.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti fífọ abẹ́. Bí a ṣe tọ́ mi ni pé obìnrin gbọ́dọ̀ dìde lẹ́yìn tí ọkọ bá ti tán, kó fi omi gbígbóná fọ inú ara rẹ̀. Àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i, àwọn kan álọ́ọ̀mù, àwọn kan ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo sì rò pé mo ń ran oògùn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní oògùn náà gan-an ni mo ń fọ̀ dànù. Ó kéré tán, wákàtí 6 ni kí omi má wọ inú ara lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tó kẹ́yìn. Kí èèyàn wẹ ìta, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n fífọ inú, ó ní kò dára lọ́jọ́ kankan. Ojú ara ń tọ́jú ara rẹ̀, omi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù sì ń ṣí ọ̀nà fún àrùn ni. Omi iyọ̀ kò dá oyún dúró rí. Nígbà tí àtọ̀ bá dé ẹnu ilé ọmọ, kò dúró de kẹ́tùlù.

Mo bi í pé, bí mo bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ṣé mi ò bá tí lóyún? Ó sọ òótọ́ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Ó ní nínú 100 obìnrin tó ń lo oògùn apàtọ̀ nìkan bí àwọn èèyàn ṣe sábà ń lò ó, nǹkan bí 21 ló ń lóyún láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá lò ó láìṣìṣe rárá, 16 ṣì ń lóyún. Kọ́ńdọ́ọ̀mù ọkùnrin, 13 ni, bí wọ́n bá sì lò ó láìṣìṣe, 2. Wáyà oníbàbà (copper) tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò pé ẹnì kan nínú 100. Mo fi agbọ̀n obì rò ó. Bí oníbàárà bá mọ̀ pé 21 nínú 100 tí mo tà fún un ló máa bàjẹ́, ṣé yóò gbé e lọ sí Kánò láìní ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀? Oògùn tó ń fẹ́ alábàáṣiṣẹ́ ni oògùn yìí, ẹni tó bá sì fi í fún obìnrin gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó dá tó, ó ti tàn án jẹ.

Ohun kan tún wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé bó bá ń pa àtọ̀, yóò máa pa kòkòrò àrùn náà. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní àwọn onímọ̀ náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì dán an wò lára àwọn obìnrin tó ń ṣe aṣẹ́wó ní orílẹ̀-èdè Benin, Côte d'Ivoire, South Africa àti Thailand. Nígbà tí wọ́n ka èsì rẹ̀ ní ìpàdé ńlá kan lórí àrùn éèdì ní Durban lọ́dún 2000, ó yà wọ́n lẹ́nu: àwọn tó lo nonoxynol-9 ni kòkòrò HIV mú jù àwọn tí wọ́n fún ní ìpara lásán. Ìdí ni pé lílò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ ń họ awọ inú ojú ara, ojú ibi tó họ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Láti ìgbà náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí obìnrin tó wà nínú ewu HIV, tàbí tó ti ní in, má lò ó. Ó bi mí tààrà bóyá èmi àti ọkọ mi ti ṣe àyẹ̀wò rí. Ìlú oríta ni Ṣàgámù, awakọ̀ sì ni ọkọ mi. Inú bí mi sí ìbéèrè náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà mo gbà pé ó tọ́ kó béèrè.

Mo sọ fún bàálé mi lálẹ́ tó dé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, kò sì sí ìjà. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Ṣé gbogbo ìgbà yìí lo ti ń lò ó, tí o kò sọ fún mi?" Ohun tó dùn ún nìyẹn, pé mo dá nìkan gbé e. A jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sí nǹkan kan lára àwa méjèèjì, a dúpẹ́.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọbìnrin yìí, tí mo ń fún un lọ́mú, a padà sí oògùn apàtọ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwa méjèèjì la jọ ń lò ó. Òun ń lo kọ́ńdọ́ọ̀mù, èmi ń lo oògùn. Mo da òrí àti fasilíìnì nù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn torí pé epo máa ń mú kí kọ́ńdọ́ọ̀mù ya. Mo ra agolo kékeré onídèérí, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Bí mo bá ti fi oògùn sí i, màá tẹ aago fóònù mi sí ìṣẹ́jú 15. Níbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú náà ń gùn bí ọdún, a ń wo ara wa bí àlejò. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, inú ìṣẹ́jú 15 yẹn ni ọkọ mi ti ń sọ ohun tó rí lọ́nà fún mi: ọkọ̀ tó dorí kodò nítòsí Jẹ́bbà, iye tí obì ń lọ ní Kánò, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú. Ọdún mẹ́wàá tí a ti fẹ́ra, mi ò gbọ́ ìdajì nǹkan wọ̀nyẹn rí. Aago á ké, a ò ní gbọ́.

Kò rọrùn ní gbogbo ọ̀nà, mi ò ní parọ́. Nígbà kan ojú ara bẹ̀rẹ̀ sí yún mi, ìtọ̀ sì ń ta mí. Mo dá a dúró, mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n tọ́jú mi. Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń lo oògùn yìí, kí èèyàn má fi ṣe ìfaradà. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, mo lọ fi wáyà oníbàbà sí i. Kì í ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè lo ọdún 10 níbẹ̀. Òun ló wà lára mi títí dòní.

Ìyá ọkọ mi rí agolo náà kẹ́yìn gbẹ́yìn, kí n tó fi wáyà sí i. Ó gbé e jáde síwájú mi, ó bi mí pé kí ni. Àyà mi já. Mo sọ òótọ́. Màmá wo agolo náà títí, wọ́n ní, "Àwa, omi iyọ̀ la lò. Oyún 11 ni mo gbé." Márùn-ún ló kù láyé nínú wọn. Wọ́n rọra gbé agolo padà sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì bá ilé gbígbá wọn lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ìyàwó kékeré kan tó ń ta ewé tí a fi ń wé obì wá bá mi ní ìsọ̀ láàárọ̀, ojú rẹ̀ wú. Alẹ́ Sátidé ló lo oògùn apàtọ̀, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì wà pọ̀, ó tún fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Mo bi í ní wákàtí tó ṣẹlẹ̀. A jọ kà á: kò tíì pé 40. Mo sọ fún un pé oògùn pàjáwìrì wà, pé láàárín wákàtí 72 ló dára jù láti lò ó, bó bá sì ti yá tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dájú tó, kó má dúró di alẹ́. Mo kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà sí bébà fún un, mo ní kó béèrè nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kó sọ gbogbo rẹ̀, kó má fi ohun kan pamọ́. Ó ní ta ni yóò ta ewé òun. Mo ní kó gbé e síwájú mi. Mo fún un lówó ọ̀kadà, ó lọ.

Kí ó tó di ọ̀sán, mo ti ta ewé rẹ̀ tán.